Ìwé Tí Làmídì Fọwọ́ Sí

Kò sí ẹni tí Victorine gbọ́kàn lé ní Òkè-Ìrókò tó Làmídì ajórin. Ó ní ọ̀rẹ́, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ó sì ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyriaque tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń bọ̀wọ̀ fún un, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń bẹ̀rù ẹni tí oyè wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá dùn, ṣọ́ọ̀bù Làmídì ló ń sáré lọ. Bí inú rẹ̀ bá sì bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni.

Òkè-Ìrókò ni fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ìlú Kétu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdígní. Ilé náà kò pọ̀: gbọ̀ngàn ńlá kan, lábò mẹ́rin, àti ṣọ́ọ̀bù irin tó dá dúró lábẹ́ igi máńgòrò kí ariwo rẹ̀ má baà dí àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Ọdún 2021 ni Victorine wọ ibẹ̀ láti ṣe tẹ́ẹ̀sì ọ̀mọ̀wé, nígbà tó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ti gba másítà ní Kotonú, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó jẹ́ pé ilẹ̀ pupa Kétu nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é.

Ọmọ Ìdígní ni. Ìyá rẹ̀, Marguerite, ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu, bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe ń gbìn ín. Ẹni tó bá mọ oko wa mọ̀ pé àgbàdo àkọ́kọ́ lọ́dún máa ń gbó nígbà tí òjò ṣì wà lójú ọ̀run. Wọ́n á ya á tútù, wọ́n á kó o sínú àká tútù, kí oòrùn tó padà yọ, yóò ti bu. Ní ọdún tí Victorine fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ó rí ìyá rẹ̀ tó da ìdajì àká sínú kòtò, tó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ lé e lórí kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́ kú. Ìyá náà kò sunkún. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ilẹ̀ fi le.

Ohun tí Victorine ń wá nìyẹn: ẹ̀rọ tí yóò mú àgbàdo gbẹ láìsí oòrùn, láìsí iná mànàmáná, tí wọ́n á máa fi ṣùkù àgbàdo fúnra rẹ̀ dáná sí nísàlẹ̀. Ìyẹn kò le. Èyí tó le ni pé bí ooru bá pọ̀ jù, àgbàdo á sán, kò sì ní hù mọ́ bí wọ́n bá gbìn ín. Bí ooru bá kéré, àgbàdo á bu náà ni. Àgbẹ̀ kò sì lè jókòó ti iná láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Victorine ronú títí ó fi rí ọ̀nà kan. Bí wọ́n bá lẹ idẹ pẹlẹbẹ mọ́ irin pẹlẹbẹ, tí ooru bá mú àwọn méjèèjì, idẹ á nà ju irin lọ, wọ́n á sì jọ tẹ̀ bí ọrun. Kí wọ́n wá so ó mọ́ ìlẹ̀kùn kékeré kan lára ẹ̀rọ, ooru fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣí ìlẹ̀kùn nígbà tó bá pọ̀ jù, bó bá sì rọlẹ̀, ìlẹ̀kùn á padé.

Lórí ìwé, ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kò mọ bí idẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin. Làmídì ló mọ̀ ọ́n.

Làmídì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń jó irin ní Òkè-Ìrókò, ìwé iṣẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń fún un, tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Ó lè ka ìwé Lárúbáwá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ka Faransé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Aïcha, tó ń kàwé nípa ìṣirò ní fásitì yìí kan náà. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí Victorine gbé àwòrán rẹ̀ wá, ni ọkùnrin náà ti ń pè é ní “ọmọ mi.” Victorine, tí bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ojú rẹ̀, ń pè é ní “Bàbá,” láìfi orúkọ kún un.

Wọ́n ṣe ọ̀kan, ó já. Wọ́n ṣe èkejì, ó tẹ̀ ṣùgbọ́n kò padà. Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n ṣe tí wọ́n jù sínú garawa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Victorine á ṣírò, Làmídì á lù. Làmídì á ní, “Rárá, idẹ yìí ń bínú, jẹ́ ká kọ́kọ́ fi iná tù ú kó rọ̀,” Victorine á padà lọ ṣírò. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n dáná sábẹ́ ogójì. Àwọn méjèèjì dúró, wọn kò mí. Nígbà tí ooru dé ibi tí Victorine sọ pé yóò dé, ìlẹ̀kùn náà rọra ṣí bí ẹni tó ń la ojú lójú oorun. Wọ́n fa iná sẹ́yìn. Ìlẹ̀kùn padé.

“Bàbá, ẹ wò ó!”

“Mo ń wò ó. Má fọwọ́ kàn án.” Làmídì bọ́ ìbòjú iná rẹ̀, ó nu òógùn. “Ọmọ mi, ó gbọ́rọ̀.”

Victorine jó yí igi máńgòrò ká.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta, wọ́n gbé wọn lọ sí abúlé Adakplamè àti Kpankou. Ìkórè méjì gbáko ni Victorine fi ń gun sẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ, tó ń gùn ún bọ̀, nínú ẹrẹ̀ àti nínú eruku, tó ń wọn ooru, tó ń gbin àgbàdo tó gbẹ náà sínú ike láti mọ̀ bóyá yóò hù. Nínú ọgọ́rùn-ún hóró, méjìdínláàádọ́rùn-ún hù. Gbogbo ohun tó rí ló ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn dúdú kan tó wà ní ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyriaque, ọ̀jọ̀gbọ́n náà á sì fọwọ́ sí i ní ìparí oṣù. Ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọn yóò tẹ̀ jáde, ó gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Oṣù méje kọjá. Bó bá ti béèrè, ọ̀jọ̀gbọ́n á ní, “Mo ń kà á. Iṣẹ́ rere kì í kánjú.”

Oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ bẹ́ jáde. Wọ́n pe gbogbo fásitì sí gbọ̀ngàn ńlá. Àjọ kan láti Kotonú ti fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyriaque ní ẹ̀bùn nítorí ohun tó ṣẹ̀dá fún àwọn àgbẹ̀. Victorine wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn fún ọ̀gá rẹ̀. Àwòrán wá yọ lára ògiri. Ẹ̀rọ tó wà ní Adakplamè ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi páànù búlúù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí sẹ́mì gbé e ṣubú. Orúkọ mẹ́ta ló wà lábẹ́ àwòrán: ti ọ̀jọ̀gbọ́n àti ti àwọn olùkọ́ méjì tí kò dé oko Adakplamè rí. Victorine wá orúkọ tirẹ̀ lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í dẹ́kun àtẹ́wọ́, ó wò ó lójú, ó sì yára wo ibòmíràn.

Ní wákàtí tó tẹ̀ lé e, ó ti dúró níwájú tábìlì ọ̀jọ̀gbọ́n.

“Jókòó, Victorine. Mo mọ ohun tó gbé ọ wá,” ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò bínú. Ohùn bàbá tó fẹ́ la ọ̀rọ̀ yé ọmọ ló fi ń sọ̀rọ̀. “Ẹ̀rọ yẹn ti wà nínú lábò mi kí o tó dé. Ìwọ lo wọ̀n ọ́n, o sì wọ̀n ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n wíwọn kì í ṣe ṣíṣẹ̀dá.”

“Mùsíé, èmi ni mo mú èrò ìlẹ̀kùn yẹn wá. Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ sí i lóṣooṣù.”

“Ìwé àkọsílẹ̀ wo?”

Victorine wo orí pẹpẹ tí ìwé náà máa ń wà. Àyè rẹ̀ ṣófo. Kí ó tó rí nǹkan sọ, ọ̀jọ̀gbọ́n ti ta ìwé pélébé kan sí i. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ṣe kedere: Èmi, Làmídì Ajíbọ́lá, ajórin, jẹ́rìí pé ní ọdún 2020 ni mo ṣe ìlẹ̀kùn tí ooru ń ṣí, lábẹ́ àṣẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyriaque, gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà fún mi. Nísàlẹ̀ ni ìfọwọ́sí wà, lẹ́tà A ńlá kan tó na ìrù bí eku. Victorine mọ ìfọwọ́sí yẹn bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Bí o bá kọ ọ́ sínú tẹ́ẹ̀sì rẹ pé ìwọ lo ṣẹ̀dá rẹ̀,” ọ̀jọ̀gbọ́n ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, “ìgbìmọ̀ á béèrè ta ló jí ti ta. Ìwé yìí ni wọn yóò kà. Yọ orí kẹta kúrò, ká jọ parí iṣẹ́ wa. Mi ò fẹ́ kí ọdún mẹ́ta rẹ ṣòfò.”

Ó jáde. Kò mọ bó ṣe dé abẹ́ máńgòrò. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ọjọ́ Jimọ̀ ni, Làmídì ti lọ kírun. Victorine gun sẹ́mì, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ọkùnrin náà láàárín ìlú Kétu.

Ó bá a lórí ẹní, ó ń jẹun. Aïcha jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń pa ẹ̀pà. Victorine sọ ohun gbogbo ní èèmí kan. Làmídì gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.

“Ìwé tí wọ́n gbé wá bá mi nínú oṣù Ògún nìyẹn,” ni ó wí. “Ọmọ mi, o mọ̀ pé n kò gbọ́ ẹnu Faransé inú ìwé. Wọ́n ní ti àbójútó ẹ̀rọ ni, pé bí iná bá jó o, kí ìjọba lè san án. Mo fọwọ́ sí i. Ṣé wọ́n wá fi ìyẹn ṣe é báyìí?”

Àyà Victorine rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá rí omijé sun. Nítorí náà, wọ́n tan ọkùnrin yìí bí wọ́n ṣe tan òun. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Làmídì mú.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Màdáàmù Philomène. Òun ni olórí ẹ̀ka ọ̀mọ̀wé. Ẹ kàn sọ fún un ohun tí ẹ sọ fún mi yìí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Dìde. Ọjọ́bọ̀ ni màá wá,” ni Làmídì wí. “Dìde, wá jẹun.”

Ó sì jẹun. Ó fi ọwọ́ bọ inú àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Aïcha kò gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀pà. Victorine rò pé ìtìjú ọmọdé ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó jókòó sí ọ́fíìsì Màdáàmù Philomène láti aago mẹ́sàn-án. Obìnrin yìí kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í sì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́. Ó ń fọwọ́ sí àwọn ìwé tirẹ̀, ó ń gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́wàá lù, aago mọ́kànlá lù. Victorine pe fóònù Làmídì nígbà mẹ́fà. Ó ti pa á. Ariwo òòlù sì ń ti ṣọ́ọ̀bù wá, kedere, ibẹ̀ kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ.

“Ṣé òun ló ń lu nǹkan yẹn?” ni Màdáàmù béèrè.

Victorine dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Aïcha kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò jókòó. Ó dúró sí àárín yàrá, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

“Ẹ̀gbọ́n, Bàbá mi mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Èmi ni mo kà á fún un.”

“Kí lo wí?”

“Ìgbà mẹ́ta ni mo kà á. Nígbà kẹta, ó ní kí n fi Yorùbá sọ ọ́ ní ẹyọ-ẹyọ, kó lè dá òun lójú. Mo sọ ọ́. Ó wá ní kí n bá òun mú kálámù wá.” Ó tún di báàgì náà mú. “Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣèlérí pé wọ́n á mú mi sí másítà, pẹ̀lú búọ̀sì tí yóò san owó ẹ̀kọ́ mi, àti pé wọ́n á sọ iṣẹ́ Bàbá di iṣẹ́ gidi tí kò ní máa bẹ̀bẹ̀ lọ́dọọdún. Mo ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà láti ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Nígbà tí o kà á, ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni?”

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà àkọ́kọ́.”

“O sì dákẹ́ fún oṣù méjì.”

“Mo dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Jimọ̀ tó kọjá, tí ẹ di ẹsẹ̀ Bàbá mú…” Kò parí rẹ̀. “Bí wọ́n bá ní kí n wá sọ ọ́, màá sọ ọ́.”

Victorine lọ sí Ìdígní lọ́jọ́ kejì, nítorí kò lè fara da òórùn irin jíjó tó ń wọ fèrèsé rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò dáwọ́ dúró. “Àwẹ̀ró, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani,” ni ó wí, ó ń fi oríkì rẹ̀ pè é. “Pùròfẹ̀sọ̀ yẹn, ta ló mọ̀ ọ́n rí nílé wa? Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹun pẹ̀lú ẹ lẹ́yìn tó ti tà ẹ́, lọ bi í ní ojúkojú. Bí o kò bá bi í, wàá máa bi ara rẹ títí wàá fi kú.”

Ó lọ bi í.

Làmídì ń yọ́ irin nígbà tó dé. Ó rí ojú rẹ̀, ó pa iná.

“Aïcha ti sọ fún ẹ.”

“Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún yín lọ́jọ́ Jimọ̀.”

“Ọmọ mi…”

“Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín jẹun, ẹ ń wò mí, ẹ mọ̀.”

Làmídì jókòó sórí àpótí irin rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. “Ọdún méjìdínlógún. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú lábò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyẹn, ọwọ́ yìí ló ṣe wọ́n. Dárúkọ ọ̀kan fún mi tí orúkọ mi wà lára rẹ̀.”

Victorine wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí garawa wọn wà.

“Nígbà tí o kọ àpilẹ̀kọ rẹ, tí o fún mi ní ẹ̀dà kan, inú mi dùn. Mo ní, ọmọ mi ti kọ ọ́. Mo ní kí Aïcha kà á fún mi. Mo jókòó, mo ń retí. Ó kà á dé òpin. ‘A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù irin.’ Mo bi í léèrè pé àwọn wo nìyẹn. Ṣé èmi nìkan kọ́ ló wà níbí?”

Ọ̀rọ̀ náà bá Victorine níbi tí kò rò. Ó rántí bó ṣe kọ gbólóhùn yẹn: bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ ló ṣe kọ ọ́, kò tilẹ̀ gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Ojú tì í, ìbínú rẹ̀ kò sì lọ. Ìtìjú àti ìbínú jọ wà níbẹ̀.

“Ẹ jàre mi lórí ìyẹn,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Mo ṣẹ̀ yín. Ó yẹ kí ẹ pè mí, kí ẹ bú mi. Kí ẹ tilẹ̀ gbá mi létí. Ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá tún un kọ. Ẹ kò bú mi, Bàbá. Ẹ tà mí.”

“Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní,” ni Làmídì wí. “Mo fẹ́ kó jókòó níbi tí ìwọ jókòó sí.”

Victorine mú báàgì rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ.

Victorine kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ fún Màdáàmù Philomène, ìgbìmọ̀ sì jókòó nínú oṣù Bélú: olùkọ́ mẹ́rin, Màdáàmù Philomène ni alága. Wọ́n béèrè ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn dúdú lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní bóyá ó sọnù nígbà tí wọ́n ń kun ọ́fíìsì. Wọ́n pe Làmídì. Ó wọ agbádá funfun tó máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún.

“Ṣé ọdún 2020 lẹ ṣe ìlẹ̀kùn yìí?” ni Màdáàmù béèrè.

“Mo fọwọ́ sí ìwé,” ni Làmídì wí.

“Ìyẹn kọ́ ni mo béèrè.”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò lanu. Victorine rò nínú ara rẹ̀ pé, nísinsìnyí, nísinsìnyí ni yóò sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Aïcha ló dìde láti ẹ̀yìn, níwájú bàbá rẹ̀, tó sọ pé òun lòun ka ìwé náà fún un, tó sì ka ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Làmídì kò yí ọrùn wò ó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn.

“Ó dáa,” ni Màdáàmù Philomène wí. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ya àwòrán. Kí ló dé tí idẹ yìí fi gùn ní sẹ̀ǹtímítà méjìlá? Kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́wàá?”

“Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Èmi ò lè máa rántí irú rẹ̀.”

“Victorine?”

Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ìwé àkọsílẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì wà. Ó kọ ìṣirò náà sára pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ìlẹ̀kùn pẹ́ kó tó ṣí, àgbàdo sì sán. Ní mẹ́rìnlá, ó ń ṣí kí ooru tó tó, afẹ́fẹ́ lásán sì ń mì í. Ó sọ ohun tó ṣe èyí tó já, àti èyí tó tẹ̀ tí kò padà. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó yípadà, ẹfun ti kún apá aṣọ rẹ̀, àwọn olùkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti ń kọ ohun tó ń sọ sínú ìwé bí akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìdájọ́ jáde. Orí kẹta kò ní kúrò nínú tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fún Victorine ní olùdarí mìíràn. Ní ti ẹ̀bùn, wọ́n ní ọwọ́ àwọn kò ká àjọ tó wà ní Kotonú. Wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn, wọn kò gbọ́ èsì. Àwòrán ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú ẹ̀bùn rẹ̀ ṣì wà lára ògiri gbọ̀ngàn, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Bí wọ́n bá pàdé, á kí Victorine bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Aïcha fi másítà náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó ní òun kò lè jókòó lórí àga yẹn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kpankou, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, wọn kò tún ìwé iṣẹ́ Làmídì ṣe. Wọn kò sọ ìdí fún un. Ọkùnrin náà gbé òòlù rẹ̀ lọ sílé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sí ẹ̀bá ọ̀nà Adakplamè, ó ń jó ẹsẹ̀ alùpùpù àti ilẹ̀kùn ilé. Nígbà tí Victorine gbọ́, kò yọ̀. Kò sì lọ kí i.

Oṣù Agẹmọ ọdún 2025 ló gbèjà tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ìgbìmọ̀ fún un ní ìyìn tó ga jù tí wọ́n lè fún ènìyàn. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìdígní pẹ̀lú obìnrin márùn-ún láti Adakplamè, wọn kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n bí àwòrán ẹ̀rọ bá ti yọ, wọ́n á jọ pariwo, “Tiwa nìyẹn!” títí àwọn ìgbìmọ̀ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pè é ní Ọ̀mọ̀wé Victorine, Marguerite bo ojú rẹ̀ mọ́ ìborùn, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ ń ṣí tẹ́ẹ̀sì náà wò bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n kà. Ó fi ìka sí ojú ewé kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. “Kí ni wọ́n kọ síbí?”

“Mo kọ ọ́ pé Làmídì Ajíbọ́lá ló lẹ idẹ mọ́ irin, pé òun ló sọ pé kí á kọ́kọ́ fi iná tu idẹ, àti pé láìsí ìyẹn, ìlẹ̀kùn kì bá tí ṣí.”

“O ti dáríjì í nìyẹn?”

Victorine gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á dé. “Rárá, Màmá. Òun ló ṣe é, ni mo ṣe kọ ọ́. Ìyẹn nìkan.”

Ó fi ẹ̀dà tẹ́ẹ̀sì náà kan rán Aïcha sí bàbá rẹ̀. Aïcha sọ pé bàbá gbà á, ó ní kí Aïcha ka ojú ewé náà fún òun, ó sì ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó gbé e sórí àpótí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Àgbàdo ọdún yẹn ti gbó, òjò kò sì dá. Victorine ń lọ sí Adakplamè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti bá àwọn obìnrin náà kọ́ ẹ̀rọ kẹrin, pẹ̀lú ajórin mìíràn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dán. Lójú ọ̀nà, ó máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Làmídì. Bí ọkùnrin náà bá gbọ́ ìró sẹ́mì, á gbé ìbòjú iná rẹ̀ sókè. Victorine á tẹrí ba, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” bí a ṣe ń kí àgbàlagbà èyíkéyìí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ọlọ́kadà á sì máa wa alùpùpù rẹ̀ lọ.